Ọ̀dá ni, àìní ni, tàbí àìtó? Lórí orúkọ fún fítámì D tí kò tó lára

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àṣàrò èdè.

Èsì tí a ti fún àbúrò wa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣágámù pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tíì tẹ́ mi lọ́rùn nínú wọn. Ó ń ṣètò ìwé pélébé kan fún àwọn ará ìgboro Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fẹ́ kí a bá òun wá bí a ó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá pé fítámì D lè dín lára àwọn ènìyàn, láti orí ìkókó dé orí arúgbó, ní ìlú tí oòrùn kì í wọ́n. Ohun mẹ́ta ni òun fúnra rẹ̀ dábàá: pé kí a pe àìsàn náà ní "ọ̀dá oòrùn", tàbí "àìní fítámì D", àti pé kí a pe ìpín ọjọ́ orí ní "rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́", orúkọ tí àwa Ìjẹ̀bú ń pe ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó fara mọ́ "ọ̀dá oòrùn", wọ́n ní ó kúrú, ó sì dùn létí.

Ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún àgbẹ̀ kan ní Òdógbolú pé ọ̀dá oòrùn ti wọ̀lú, yóò gbójú sókè wo òfuurufú, yóò sì béèrè bóyá ẹ̀gẹ́ òun yóò là á já, nítorí pé lójú tirẹ̀, oòrùn àpọ̀jù gan-an ni ó ń fa ọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n yóò dá mi lóhùn pé a ń sọ pé "ọ̀dá owó dá mi", kì í sì í ṣe owó àpọ̀jù ni a ń wí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Owó kò fa ọ̀dá rí, oòrùn ni ó máa ń fà á, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi ń bá ara wọn jà nígbà tí a bá so wọ́n pọ̀.

Èyí tí ó burú jù ni pé orúkọ náà purọ́ mọ́ oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde kò tó ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nítorí náà kò sí oṣù kan nínú ọdún tí oòrùn ọ̀sán kì í ga lórí wa. Awọ ara ni ó ń ṣe fítámì yìí: nígbà tí ìtànṣán kan tí ojú kò rí, tí ó wà nínú oòrùn, bá kan awọ, èròjà ọlọ́ràá kan tí ó wà níbẹ̀ yóò yí padà, ẹ̀dọ̀ yóò tún un ṣe, kíndìnrín yóò sì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ara tó lè fi fa kálísíọ̀mù inú oúnjẹ, èròjà tí ń mú egungun le, mọ́ra. Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ni nǹkan ti lè dí i. Dígí ọkọ̀ àti ti fèrèsé ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí mo wí yìí kọjá. Awọ dúdú tiwa náà ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, nítorí náà ó ń pẹ́ lóòrùn ju awọ funfun lọ kí ó tó ṣe ìwọ̀n fítámì kan náà. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ wá kàn. Ẹni tí ó bá ti lọ sí Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, yóò rántí bí oòrùn ṣe ń mú tó níbẹ̀, yóò sì rántí pẹ̀lú pé agbádá, gèlè, ìborùn àti dígí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ awọ kù fún oòrùn láti kàn. Èdè wa pàápàá mọ̀ pé sísá ni a ń sá fún un: ohun kan ṣoṣo tí a ń ṣí sórí ni a ń pè ní agbòjò àti agboòrùn, bí ẹni pé ọ̀tá kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ́ fún wa.

Ẹ tún rò ó wò pé ọ̀pọ̀ ìwé pélébé báyìí ni wọ́n ń tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Bí a bá tilẹ̀ fi "àìtó oòrùn" rọ́pò "ọ̀dá oòrùn", ta ni yóò ka "aito oorun" tí kò ní rò pé wọ́n ní kí òun tètè máa sùn?

Ní ti "àìní", ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ àbúrò wa pé kí ó fi í sílẹ̀. Aláìní ni tálákà, àwa Ìjẹ̀bú kì í sì í fẹ́ kí a fi orúkọ yẹn pè wá, àgàgà níwájú ènìyàn. Síbẹ̀, olówó tí ó ti inú ilé bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́yẹ́, tí ó ti inú ọkọ̀ bọ́ sí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, lè wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún un pé aláìní ni, kò ní gbọ́ ìyókù.

"Àìtó" ni mo dìbò fún, nítorí ó ṣeé yí padà sí gbólóhùn tí ènìyàn ń fi ẹnu sọ: "Fítámì D kò tó lára yín, mà." Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní ju ìpele kan lọ. Nínú ìlànà tí ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ìṣègùn Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2011, ẹni tí ó bá ní 20 náńógírámù fítámì D nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan ti ní tó. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín 12 sí 20, ó lè má tó o. Ẹni tí kò tó 12 ni ewu àìsàn egungun wà fún. Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mónù níbẹ̀ sọ pé ẹni tí kò bá ti tó 20 ti wọ inú ewu. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ò tíì fẹnu kò, kò yẹ kí àwa onítumọ̀ fi iye kan de ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ní ọ̀rọ̀ méjì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá Ẹ̀gbọ́n ṣe àdéhùn: kí "àìtó" wà fún ìpele àkọ́kọ́, kí "ọ̀dá fítámì D" sì wà fún èyí tí ó le. Ọ̀dá fítámì kò bá ara rẹ̀ jà bí ọ̀dá oòrùn ti ń ṣe.

"Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́" ni ó wù mí jù nínú gbogbo àbá náà, òun ni ó sì ṣòro fún mi jù láti kọ̀. Àwọn tí a bí láàárín bí ọdún mẹ́ta síra wọn ni wọ́n ń wà nínú ọ̀kan, wọ́n á gba orúkọ, bí Gbọ́baníyì tàbí Bọ́bakẹ́yẹ, wọ́n á sì jọ ra aṣọ kan náà láti lọ kí Awùjalẹ̀. Kò sí ìkókó nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kankan, ìkókó sì wà lára àwọn tí a ń tìtorí wọn kọ ìwé yìí, nítorí fítámì D inú ọmú ìyá kéré. Ìpín àwọn oníṣègùn tún fẹ̀ ju tiwa lọ. Nínú ìlànà ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ìṣègùn yẹn, 400 IU (ẹyọ tí a fi ń wọn fítámì) ni ìwọ̀n òòjọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, 600 fún ẹni ọdún 1 sí 70, àti 800 fún ẹni tí ó bá ti ju 70 lọ, nítorí èròjà inú awọ tí mo mẹ́nu bà ń dín kù bí a ti ń dàgbà. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo ni yóò gba ọmọ ọdún kan àti ẹni àádọ́rin ọdún pọ̀, kí wọ́n sì jọ san owó aṣọ? "Tọmọdé tàgbà" tí ẹnìkan dábàá ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín wọn gan-an ni a fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí a kúkú pè wọ́n lórúkọ: ìkókó, ọmọdé, ọ̀dọ́, aláboyún, àgbàlagbà, arúgbó.

Ní ti "fítámì" fúnra rẹ̀, ó ti wọ ẹnu, kí a má wulẹ̀ fi "èròjà ìyè" rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni lẹ́tà D, tí a fún un ní 1922 nítorí pé A, B àti C ti lólúwa. Pé D ni ìkẹta nínú álífábẹ́ẹ̀tì tiwa kò sọ ọ́ di fítámì kẹta.

Ẹnìkan dábàá "àrùn àìróòrùn" fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Kí a ṣọ́ra níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tí ó jáde ní 1999, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù, pẹ̀lú fítámì D tàbí láìsí i, sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan. Bí a bá fi orúkọ oòrùn pe àìsàn náà, ìyá yóò máa gbé ọmọ sóòrùn nígbà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ọmọ ni ó yẹ kí ó yẹ̀ wò. "Àrùn egungun rírọ̀" tó.

Gbólóhùn tí mo fi ránṣẹ́ fún ojú ìwé àkọ́kọ́ nìyí: "Fítámì D lè má tó lára wa, láti orí ìkókó dé orí arúgbó, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nígboro wa lójoojúmọ́."

Ó ku "yá oòrùn", ìyẹn jíjókòó sóòrùn kí ara lè móoru, bí a bá fẹ́ lò ó nínú ìwé náà. Létí tèmi, oòrùn àárọ̀ ni ènìyàn ń yá, nígbà tí òtútù ṣì wà lára, ìtànṣán tí a ń wí yìí sì kéré ní àkókò yẹn. Ó ń pọ̀ nígbà tí òjìji ènìyàn bá kúrú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá wa láti Rẹ́mọ tí ẹ wà láàárín wa, ǹjẹ́ ẹ máa ń lo "yá" fún oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú?