Ẹran pupa nínú imú ọmọ mi, ẹ gbà mí o

Mọ́mì Tóbi: Ẹ káàsán o. Imú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ti ń dí látọjọ́ yìí, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lánàá, ni mo bá rí ẹran pupa kan tó yọ láti ẹ̀gbẹ́, ihò méjèèjì ló sì wà. Ìyá ọkọ mi ní ẹran ló hù síbẹ̀, wọ́n láwọn mọ ẹnì kan tó máa ń fi oògùn já a. Àyà mi ń já, ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Onímú: Mọ́mì Tóbi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni já nǹkan kan níbẹ̀ o! Gbogbo wa la ní in. Ògiri ẹ̀gbẹ́ imú ò tẹ́jú rárá, egungun pẹlẹbẹ 3 ló yọ jáde lára ẹ̀ bíi pẹpẹ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀, awọ tẹ́jẹ̀ kún inú ẹ̀ ló bò wọ́n, turbinate là ń pè wọ́n. Ti ìsàlẹ̀ ló tóbi jù, òun lẹ rí yẹn. Òun ló ń mú kí atẹ́gùn tá a fà símú lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Tí ọ̀fìnkìn tàbí eruku bá dà á láàmú, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ kún un, á wú, imú á dí. Polyp gan-an, ìyẹn ẹran tó máa ń hù, kì í pọ́n báyẹn, ó máa ń ṣì, àwọ̀ ẹ̀ á fẹ́ jọ eérú, abẹ́ pẹpẹ àárín ló sábà máa ń gbà yọ, kò sì wọ́pọ̀ lára ọmọdé.

Adé_Anátómì: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Kí n fi kún un, abẹ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀ yẹn ni omijé ń gbà ṣàn wọ imú, ìdí nìyẹn tá a bá ń sunkún tí imú náà á máa ṣomi, tá a bá sì kán oògùn sójú a máa ń tọ́ ọ wò lọ́fun. Abẹ́ ti àárín ni ihò inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti iwájú orí ń ṣí sí. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, òkè ni ẹnu ẹ̀ wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀, torí náà kì í rọrùn fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti dà jáde téèyàn bá wà lóòró, àgàgà tí awọ ibẹ̀ bá wú.

Mọ́mì Tóbi: Ẹ ṣé gan-an ni. Ó tún máa ń sín ṣáá láàárọ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Onímú: Ó lè jẹ́ pé ara ẹ̀ kọ eruku ni. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà onímú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kò sí èyí tó ń rùn níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló dí tó sì ń rùn, ó lè jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí fóòmù ló kì bọ̀ ọ́, ìyẹn ò ṣeé dúró dọ̀la.

Mọ́mì Tóbi: Rárá ma, kò rùn, méjèèjì ló ń dí. A máa lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá ka gbogbo ẹ̀ fún Ìyá lálẹ́ yìí.