Àgbàdo haploid mi yọ òdòdó, kò ní lẹ́búlẹ́bú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣa hóró haploid (èyí tí kòrómósómù rẹ̀, ìyẹn okùn tó gbé àbùdá, jẹ́ ìdajì iye tó yẹ), ìyẹn èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò ṣùgbọ́n tí ọlẹ̀ inú rẹ̀ funfun. Nínú 100, bíi 8 ni mo rí, ìyẹn ò burú. Mo rẹ èèhù wọn sínú colchicine, oògùn tó ń sọ kòrómósómù di ìlọ́po méjì, kí kòrómósómù 10 lè di 20. Wọ́n yè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé wọn rí jákujàku. Àmọ́ nígbà tí òdòdó akọ yọ lórí, mo gbọ̀n ọ́n sínú àpò bébà títí kí lẹ́búlẹ́bú akọ lè bọ́, òfo! Irun ọmọ àgbàdo ti jáde ní tirẹ̀. Ṣé oògùn náà ni kò tó ni, àbí ooru ló fà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo ni èèhù yín ṣe ń gùn tó kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́, wákàtí mélòó sì ni?