“Idà ìmúròde” ni kí a pè é

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o.

Àbúrò wa obìnrin tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ nípa idà kékeré táwọn ológun Jámánì máa ń fi sí ìdí láàárín ọdún 1933 sí 1945 ní kí a bá òun wá orúkọ tí òun máa pè é. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó kọ “ọ̀bẹ ọ̀ṣọ́”. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ orúkọ yẹn kò bá nǹkan náà mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú “ọ̀bẹ”. Ohun tí a bá pè ní ọ̀bẹ, a pọ́n ọn ká lè fi gé nǹkan ni. Èyí tí à ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọn ò pọ́n rárá láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é, bí ẹnì kan bá sì pọ́n ọn lẹ́yìn náà, ńṣe ni owó rẹ̀ máa já wálẹ̀ lójú àwọn tó ń kó o jọ. Ó ní ojú méjì, ó ní ṣóńṣó, ó ní àkọ̀. Ohun tí Ehudu sán mọ́ itan rẹ̀ ọ̀tún nínú Ìwé Onídàájọ́ orí kẹta kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, síbẹ̀ idà olójú méjì ni àwọn baba tó túmọ̀ Bíbélì pè é. Kíkúrú kò sọ idà di ọ̀bẹ. Àbúrò tún kọ “ọwọ́ ọ̀bẹ” fún ibi tí a ti ń dì í mú. Èèkù ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni.

“Ọ̀ṣọ́” ló tiẹ̀ jìnnà jù. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀ṣọ́, yẹtí ni ọ̀ṣọ́, ẹni tó bá wù ló lè fi ṣe oge. Idà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ọ̀gá ọmọ ogun orí ilẹ̀, tó jáde ní 1935, yàtọ̀ sí ti ojú òfuurufú, ti ojú omi náà sì yàtọ̀. Bí o bá rí i ní ìbàdí ẹnì kan, o ti mọ ibi tó ti wá. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ kúkú ní udamalore, idà tí Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ńlá máa ń fi sí ìbàdí lọ́jọ́ ayẹyẹ, tí wọ́n sì máa ń fi eyín erin ṣe nígbà míì. Ta ni yóò pe ìyẹn ní ọ̀ṣọ́ lásán?

Ohun tó mú mi dúró lórí “ìmúròde” ni pé àwọn ará Jámánì fúnra wọn ní aṣọ ológun kan tí wọ́n ń pè ní Ausgehanzug, èyí tí ológun ń wọ̀ bó bá ń jáde lọ sáàárín ìlú. Aṣọ ìmúròde gan-an nìyẹn lẹ́nu àwọn ìyá wa. Idà tó bá a rìn ni idà ìmúròde. Okùn aláràbarà tí wọ́n ń so mọ́ èèkù rẹ̀, mo dábàá “wajawaja”, nítorí ó ti wà nínú Bíbélì wa.

Ní ti iṣẹ́ àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá idà kan jẹ́ ti ìgbà yẹn lóòótọ́, “ìyẹ̀wò ojúlówó” ti tó. Òdìkejì ojúlówó ni ìṣòro wà, nítorí a máa ń yára sọ pé “ayédèrú”. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n ṣe láti fi tanni jẹ. Èyí tí ẹni tó ṣe é sọ ní gbangba pé òun fi jọ ti àtijọ́ ni, àfarawé nìyẹn. Òmíràn sì wà tí irin rẹ̀ àti èèkù rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà yẹn lóòótọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹnì kan ló tú idà méjì tó ti bàjẹ́, tó fi so ọ̀kan. Kò sí irọ́ lára ẹ̀yà kankan, àárín wọn ni irọ́ wà. Mo pè é ní “àkànpọ̀”.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù rèé. Ní 1934, Ernst Röhm, olórí SA, ìyẹn ẹgbẹ́ ajagun ti ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, fi idà ta àwọn tó ti wọ ẹgbẹ́ náà kí ọdún 1931 tó parí lọ́rẹ. Ásíìdì ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn irin rẹ̀: In herzlicher Freundschaft Ernst Röhm, ìyẹn “pẹ̀lú ìbárẹ́ àtọkànwá”. Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Hitler kọjú ìjà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú tí wọ́n fi yìnbọn pa Röhm. Àṣẹ jáde pé kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò lára àwọn idà náà. Àwọn kan fá orúkọ nìkan, wọ́n fi ìbárẹ́ sílẹ̀ láìlólúwa. Àwọn mìíràn fá gbogbo rẹ̀. Bí a bá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó lónìí, a ó rí ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, òjìji lẹ́tà kan tàbí méjì sì lè ṣẹ́ kù níbẹ̀. Àpá yẹn ló wá di ẹ̀rí. Àwọn ẹlẹ́tàn náà mọ̀ ọ́n: wọ́n á fá ẹ̀yìn idà SA lásán, wọ́n á ní ti Röhm ni. Nítorí náà, “idà alápàá” fún ojúlówó, “àpá èké” fún tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo bẹ̀ yín kí a má lò: “ohun ìṣẹ̀ǹbáyé”. Ìlú Solingen ní Jámánì ni ọ̀pọ̀ idà wọ̀nyí ti jáde, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tiẹ̀ lára irin: ọ̀kẹ́rẹ́ ni ti Carl Eickhorn, òṣùwọ̀n ni ti Alcoso. Ìdílé Coppel, tí í ṣe Júù, ló ni Alcoso kí wọ́n tó fipá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ lábẹ́ ìjọba Hitler. Ìṣẹ̀ǹbáyé ni ohun tí àwọn tó bí wa fi lé wa lọ́wọ́ tí a fi ń yangàn. Idà tó ní irú ìtàn yìí kì í ṣe ohun ìyangàn fún ẹnikẹ́ni. “Ohun àtijọ́” ni kí àbúrò kọ.

Irin tó dábùú láàárín èèkù àti ojú idà, èyí tí ẹyẹ idì máa ń na ìyẹ́ sí lára ti àwọn ọ̀gá ọmọ ogun orí ilẹ̀, ni mi ò tíì rí orúkọ fún. Ẹni tó bá ní alágbẹ̀dẹ nínú ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi í.