Albumin 24, ẹsẹ̀ ti wú: ẹ gbà mí o ẹ̀yin ará ilé

Ọmọ Rẹ́mọ Peckham: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi ò balẹ̀. Àbúrò mi tó ní Crohn's, àìsàn tó ń dá egbò sínú ìfun yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú, tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́ ojú ibẹ̀ á jìn. Rìsọ́ọ̀tì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jáde, albumin, ìyẹn purotéènì tó ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀, 24 ni. Mo ti lọ ra ẹyin kíréètì kan, ṣé kí n máa fún un láàárọ̀ lálẹ́?

Ìyá Ìbejì Houston: 24 kẹ̀! Èmi 2.6 ni mo ní tí wọ́n fi dá mi dúró sí ọsibítù. Tiẹ̀ mà ti pọ̀ jù, má fẹyin kún un o!

Bọ̀ọ̀dá Òde, Manchester: Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Lítà ni wọ́n fi ń kà á níbí, dẹsilítà ni tiyín. 24 tiwa, 2.4 tiyín nìyẹn. Ó yẹ kó tó 35. Ẹ ò bá pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Ìbejì Houston: Háà, ẹ má bínú 😂 Àmọ́ ti ẹyin yẹn, mo jẹ ẹ́ títí ó sú mi, owó lọ, albumin ò mira. Ìfun tó légbò ló ń jò ó dànù sínú ìgbẹ́, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọnmi. Ìgbà tí wọ́n tọ́jú ìfun gan-an ló tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Òde, Manchester: Mi ò gbà. Ṣé kó wá febi pa ara ẹ̀ ni? Kó jẹun! Ìfun nìkan sì kọ́, tára bá ń gbóná báyẹn ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ kì í ṣe albumin tó mọ́. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, kíndìnrín náà máa ń jò. Tìgbẹ́, alpha-1 antitrypsin ni kó ní kí wọ́n wò, purotéènì tó ń fi hàn bóyá ìfun ń jò.

Ìkẹ́nnẹ́ ní Toronto: Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún un lóògùn tó ń lé omi jáde o. Mo gba ti aládùúgbò lò, ẹsẹ̀ fọn lóòótọ́, òyì gbé mi ṣubú ní báàfù. Tó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú jùkan lọ, tó ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tètè máa ń dì lára àwọn tó ní àìsàn yìí.

Ọmọ Rẹ́mọ Peckham: Méjèèjì ló wú. Ìkòkorè ló ní òun fẹ́ jẹ ṣá.

Ìyá Ìbejì Houston: Ewùrà dà ní Peckham? Èmi, ti àwọn ará Philippines ni mò ń rà, wọ́n ti rin ín, ó ti dì nínú fírísà. Ìkòkorè á kàn ní àwọ̀ àlùkò.

Bọ̀ọ̀dá Òde, Manchester: Ìkòkorè aláwọ̀ àlùkò! Ẹ ò lè gbé e dé Òde. Ará Ṣàgámù ni yín lóòótọ́, obì lẹ mọ̀.

Ìyá Ìbejì Houston: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ànàmọ́ ní Manchester. Ṣé ẹ ń lọ Ojúde Ọba lọ́dún yìí ṣá?

Bọ̀ọ̀dá Òde, Manchester: Ọ̀gá ò fún mi láàyè. Ó ń dùn mí gan-an.