Ìgbà wo ló yẹ kí a pe dìsáínà inú ilé: kí a tó rẹ́ ògiri ni, àbí ìgbà tí ilé bá parí?

Akọ́lé Tuntun:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ́ ní Ìbàdàn ti gba páànù sórí, ṣùgbọ́n a kò tíì rẹ́ ògiri, oníná kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Èkó ní kí a pe dìsáínà inú ilé nísinsìnyí. Ọkọ mi ní iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ju kí ó yan kọ́tínnì àti àga lọ, àti pé bí ilé bá parí, èmi fúnra mi lè ṣe ìyẹn ní ọjà Gbági. Mo fẹ́ mọ ohun tí a ó máa san owó fún gan-an, àti bóyá ó pọn dandan kí ẹni náà dé kí ilé tó parí.

Onírúlà:
Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé mo ń gbè sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má bínú. Ohun tí bàbá sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ iṣẹ́ aṣelélọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ń júwe, ẹni tó máa ń dé nígbà tí ọ̀dà ti gbẹ. Bí èmi bá kọ́kọ́ dé ilé oníbàárà, n kì í mú ìwé àwọ̀ jáde. Ìbéèrè ni mo máa ń béèrè, débi pé àwọn kan a máa rò pé mo ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé wọn: ta ló máa ń kọ́kọ́ jí? Àlejò mélòó ló ń sùn lọ́dọ̀ yín nígbà ọdún? Ṣé àgbàlagbà kan máa bá yín gbé, ṣé ó sì lè gun àtẹ̀gùn? Ibo lẹ ti ń gún iyán? Ẹni tí kò bá béèrè ibi tí odó máa wà lè ṣe ilé ìdáná rèǹtèrente fún yín, kí ó wá di pé ẹ̀yìnkùlé lẹ ó ti máa gún iyán nínú òjò.

Lẹ́yìn náà ni màá wọn gbogbo yàrá, títí kan bí fèrèsé ṣe ga sí ilẹ̀, tí màá sì ya àwòrán ibi tí ibùsùn, àga àti tábìlì yóò wà, nítorí àwòrán yìí ni oníná àti púlọ́mbà yóò tẹ̀lé. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ nílò nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà máa gbá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pẹpẹ ilé ìdáná sábà máa ń ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń dáná jùlọ bá kúrú tàbí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Bí ògiri bá ti gbẹ tán kí a tó rí i pé ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sí, owó ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó san lórí iṣẹ́ kan.

Ìgbà tí a bá fẹnu kò lórí àwòrán la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ táìlì, igi, aṣọ àti àwọ̀, tí a ó kó àpẹẹrẹ wọn wá sínú yàrá náà kí ẹ lè wò wọ́n lọ́sàn-án àti lábẹ́ iná alẹ́. Ìwé iye owó, ọjà rírà àti dídúró ti àwọn oníṣẹ́ ló kù. Ní ti owó tiwa, ẹlòmíràn ń gba iye kan pàtó, ẹlòmíràn ń gba ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́, àwọn kan sì ń jèrè lórí ọjà tí wọ́n bá bá yín rà. Ẹ béèrè èyí ṣáájú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Àbẹ̀ní:
Àwa kò pe ẹnikẹ́ni nígbà tí a kọ́lé wa ní Abẹ́òkúta, a sì jìyà rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé ńlá pálọ̀ wa kọjú sí. Bí ó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀. Gílóòbù 6500K ni oníná rà sí gbogbo yàrá (nọ́ńbà K yìí ló ń sọ bí àwọ̀ iná ṣe rí), ó wá funfun báláú bíi ti ilé ìwòsàn, títí ẹnì kan fi sọ fún mi pé 2700K tàbí 3000K ló ń tàn bí àtùpà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé pípe dìsáínà nìkan ti tó. Ẹni tí a padà pè fi àwòrán ilé òyìnbó hàn wá, ó sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì funfun sí pálọ̀. Ọyẹ́ kan péré ló rí tó fi di pupa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ pè bóyá ó ti ṣe ilé rí níbi tí eruku wa yìí wà.

Káfíńtà Àgbà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Onírúlà, àfi ibì kan. Àwòrán tí a yà kí a tó rẹ́ ògiri dára fún oníná, kì í ṣe ohun tí mo lè fi la igi. Sìmẹ́ǹtì yóò jẹ lára yàrá lọ́tùn-ún lósì, táìlì yóò gbé ilẹ̀ sókè, wọ́dúróòbù tí a bá fi ìwọ̀n àkọ́kọ́ kàn kò sì ní wọlé. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà wá wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ lẹ́yìn táìlì. Bákan náà, ẹ má gbà kí wọ́n fi MDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, kan àpótí abẹ́ síǹkì, nítorí bí omi bá kàn án, yóò wú, kò sì ní padà sípò mọ́. Marine board, pákó tí omi kì í tètè bàjẹ́, ni kí ẹ ní kí wọ́n lò níbẹ̀.

Onírúlà:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà máa ń padà lọ wọ̀n ọ́n, mi ò kàn sọ ọ́ ni.

Akọ́lé Tuntun:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ìdáhùn yín sí etí ọkọ mi. Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́tínnì mọ́. Ìbéèrè nípa àgbàlagbà ló mú un, nítorí ìyá rẹ̀ máa wá bá wa gbé, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Yàrá kan wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kò ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ṣé ó tó?

Onírúlà:
Kò tó, mà. Ẹ ní kí bíríkìlà fọ́ ọ kí ó fẹ̀ sí i kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí àyè tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí férémù àti ilẹ̀kùn bá wọlé má ṣe dín ní 80 sẹ̀ǹtímítà, bí ó bá di pé màmá nílò kẹ̀kẹ́ tí ẹni tí kò lè rìn ń jókòó sí lọ́jọ́ iwájú. Kí ilẹ̀kùn náà máa ṣí sí ìta, nítorí bí wọ́n bá ṣubú sínú ilé ìwẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú kò ní jẹ́ kí ẹ lè wọlé gbé wọn.