Aládùúgbò wa wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ti bá ọmọdé ṣèṣekúṣe. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọmọ Méjì
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Amẹ́ríkà níbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun ni. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n tẹ àdírẹ́sì wa sórí ìkànnì tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ìbálòpọ̀ sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ilé kẹrin sí tiwa gan-an ló yọ. Fọ́tò ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n dá a lẹ́jọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọmọdé ló ṣe é sí. Ọkùnrin yìí ti juwọ́ sí wa rí o!

Ọmọ ọdún 9 ni ọmọbìnrin mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ 6. Láti ọjọ́ náà, n ò jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan ìta mọ́. Ọkọ mi ní ká wá ilé mìíràn. Ìyá mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní ká má sọ nǹkan kan fún àwọn ọmọ, ká má baà là wọ́n lójú. Èmi ní tèmi, ó ń ṣe mí bíi kí n tẹ fọ́tò náà jáde kí n pín in kárí àdúgbò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Aláṣọ
Ẹ kó kúrò níbẹ̀! Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi wá sí?

Àǹtí Agbẹjọ́rò
Ẹ má tíì di ẹrù o. Ibo lẹ fẹ́ kó lọ tó dá yín lójú pé irú rẹ̀ kò sí níbẹ̀?

Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ fọ́tò pínpín ná. Ìkìlọ̀ wà lójú àwọn ìkànnì yẹn pé ẹni tó bá fi ohun tó kà níbẹ̀ halẹ̀ mọ́ ènìyàn tàbí yọ ọ́ lẹ́nu lè dé ilé ẹjọ́. Wọ́n fún wa ní ìmọ̀, wọn ò fún wa ní kóńdó.

Bí nǹkan náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ irú àwọn ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ní New Jersey, aládùúgbò kan pa Megan Kanka, ọmọ ọdún 7. Ọkùnrin náà ti jẹ̀bi irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àwọn òbí ọmọ ò sì mọ̀. Wọ́n jà, wọn ò sinmi, títí òfin fi jáde ní 1996 pé kí àkọsílẹ̀ náà máa dé etí aráàlú. Òfin ti 2006 ló wá pín wọn sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ń wà nínú ìwé fún ọdún 15, ó ń lọ fara hàn níwájú ìjọba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìkejì, ọdún 25, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìkẹta, títí ayé, oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ìpele yìí bó ṣe wà. Àwọn kan kì í gbé àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹlòmíràn ti kó lọ tipẹ́tipẹ́, kò sọ fún wọn, àdírẹ́sì àtijọ́ lẹ ó máa rí. Ẹni tí wọn ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn rí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ìjọba dúnàádúrà tí wọ́n fi yí ẹ̀sùn rẹ̀ padà sí nǹkan mìíràn lè má sí níbẹ̀. Ẹ lo NSOPW, ìkànnì ìjọba àpapọ̀, torí ó ń wá orúkọ kárí gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá padà lọ ka ti ìpínlẹ̀ yín dáadáa. Kí ló ṣe gan-an? Ọdún wo? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ṣe é sí? Ṣé ó ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba? Bó bá ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún un pé kó má dá wà pẹ̀lú ọmọdé. Bí ẹ bá rí i tó ń ṣe é, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè, ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá Ọmọ Méjì
Ẹ ṣé gan-an, àǹtí mi. Mo ti padà lọ kà á. Ìpele kejì ni, 2008 ni wọ́n dá a lẹ́jọ́, ọmọbìnrin tí kò tíì pé 14 ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Kò lè balẹ̀ náà, òbí ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ojú kúrò ní ilé kẹrin díẹ̀. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera aráàlú, sọ ọ́ pé nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe irú èyí sí, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló mọ ẹni náà, tí ọmọ tàbí ẹbí sì fọkàn tán an. Ọkọ ìyá, àbúrò bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù ú lọ, olùkọ́ eré ìdárayá, ẹni tó ń bá yín gbé ọmọ lọ sílé ìsìn. Orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.

Òbí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tù lójú. Wọ́n á ṣoore, wọ́n á ní ẹ lọ sinmi, àwọn á bá yín mójú tó ọmọ. Wọ́n á wá máa fún ọmọ ní ẹ̀bùn tí ẹ ò mọ̀ sí, wọ́n á ní kó má sọ fún mọ́mì. Wọ́n á fọwọ́ kàn án díẹ̀ bí ẹni ń ṣeré, láti wò ó bóyá yóò sọ. Bó bá dákẹ́, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Ẹni tó máa ń wá ọ̀nà pé kó ṣáà dá wà pẹ̀lú ọmọ yín ni kí ẹ máa ṣọ́, ì báà jẹ́ ta ni.

Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kékeré, nínú ọkọ̀ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀. Kí wọ́n mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara wọn. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibi tí pátá bò, kò sì gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fọwọ́ kan tòun, kò gbọ́dọ̀ yà á ní fọ́tò. Dókítà lè wò ó, lójú yín. Kí wọ́n mọ̀ pé kò sí àṣírí nípa ara, kódà bí ó jẹ́ bàbá àgbà ló ní kí wọ́n pa á mọ́. Ẹ má sì fipá mú ọmọ dì mọ́ ẹni tí kò wù ú. Ó lè kí àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láì jókòó lé e lẹ́sẹ̀.

Màmá Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí! Ọmọ ọdún 6 lẹ fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ìdí fún?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Ẹ kú àgbà, màmá. Ẹni tó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ kì í dúró kó dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀, ma. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ la ń kọ́ ọ, a ò kọ́ ọ ní ìbálòpọ̀.

Ọmọ London
Lọ́dọ̀ tiwa ní Britain, ẹ ò lè ṣí i wò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọlọ́pàá ni ìwé náà wà. Lẹ́yìn ikú ọmọ kan tó ń jẹ́ Sarah Payne ní 2000 ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ẹ̀tọ́ òbí láti mọ̀. Láti 2011, gbogbo ọlọ́pàá England àti Wales ló ń gba ìbéèrè: ẹ dárúkọ ẹnì kan pàtó tó ń rí ọmọ yín, bí wọ́n bá rí i pé ewu wà, wọ́n á sọ fún yín. Ẹ ò sì gbọdọ̀ tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin béèrè nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò bẹ̀rù pé wọ́n á pè é ní aláṣejù.

Adé Nílé
Ní Nàìjíríà, òfin VAPP ti 2015, ìyẹn òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, sọ ọ́ pé kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, kí aráàlú sì lè rí i. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ṣí ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2019. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹjọ́ ò pọ̀ tó ń dé ibi ìdájọ́. Ẹbí á ní ká yanjú ẹ̀ nílé, ká má ba orúkọ jẹ́. Ta lẹ ó wá kọ sínú ìwé?

Bàbá Ìbejì
Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Bí ọmọ bá wá sọ ọ́ ńkọ́? Èmi mọ ara mi, màá lu ẹni náà pa ni.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Bí ọmọ bá rí i pé ẹ yí padà báyìí, sà, yóò gbé ọ̀rọ̀ yòókù mì, yóò rò pé òun ló ṣẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé ó dára tó sọ ọ́. Ẹ má máa bi í léraléra. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ kó aṣọ náà sínú àpò pépà, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ. Ní Amẹ́ríkà, Childhelp, àjọ tó ń ran ọmọ tí wọ́n hùwà ìkà sí lọ́wọ́, ń gbé fóònù tọ̀sán tòru: 1-800-422-4453. Ẹ fi ẹni náà sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Ìyá Ọmọ Méjì
Mo ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ìyá mi náà jókòó tì wá. N ò sọ ìtàn ọkùnrin náà fún wọn. Mo kàn ní a kì í wọ ilé yẹn, a kì í wọ ọkọ̀ rẹ̀, bó bá pè yín, ẹ wá sọ fún mi. Wọ́n ti ń ṣeré níta, èmi náà sì ń wà níta.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí n wá ronú kan olùkọ́ dùùrù ọmọbìnrin mi. Ó máa ń ní ká pa ilẹ̀kùn dé nítorí ariwo. N ò fẹ̀sùn kàn án o. Pálọ̀ ni wọn ó ti máa kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣíṣí bá bí i nínú, ẹ wá olùkọ́ mìíràn.

Ọmọ Aláṣọ
Ẹ ò kó mọ́ nìyẹn?

Ìyá Ọmọ Méjì
Ọkọ mi ṣì ń wo ilé lórí fóònù. Ó tẹ àdírẹ́sì mẹ́ta wò, kò sí èyí tí orúkọ ò yọ nítòsí rẹ̀.

Àǹtí Agbẹjọ́rò
Ẹ fi ímeèlì yín sílẹ̀ lórí ìkànnì ìpínlẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ bí ẹlòmíràn tó wà nínú ìwé bá kó dé tòsí yín.