0 tó wà lókè téńté: ṣé òfo ni àbí ẹnu?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí àbá pé ká máa pe 0 orí ọ̀pá ìwọ̀n ìró, nínú ètò tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní "òfo dẹ́síbẹ̀lì" (dẹ́síbẹ̀lì ni ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ìró). Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ sọ fún Yorùbá pé ìró wà ní òfo, á ní kò sí ìró rárá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, òkè téńté ni 0 yẹn wà, níbi tí ìró ti kún dé ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní "ẹnu", ká máa fi "dín" ka ìyókù: dín 6, dín 12, dín 60. Ṣebí bí a ṣe ń kà á náà nìyẹn: a ó dúró sórí ogún, a ó ní ó dín márùn-ún, ó di márùndínlógún. (Ti ọwọ́ tí à ń fà sókè-sódò láti fi kún ìró tàbí láti dín in kù yàtọ̀ o. 0 tibẹ̀ ò ju "bó ṣe wà" lọ.)

Àwọn kan ní "dín" á ṣini lọ́nà, pé pípín ni dẹ́síbẹ̀lì ń pín, kì í yọ. Òótọ́ ni. Dín 6 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì gíga ìgbì ìró, dín 20 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, dín 40 ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwọ̀n náà gan-an ni pé kó sọ pípín di yíyọ. Láìsí i, gbogbo ohun tó wà láti dín 20 lọ sísàlẹ̀ á há sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀pá náà. Ẹni tó ń kọrin jẹ́jẹ́ á wojú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ewé tó máa rí lórí ọ̀pá náà ò ní ju èékánná lọ.

Ká wá pe bí ìró ṣe lágbára tó ní "ìga ohùn" ńkọ́? Rárá o. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti níṣẹ́ nínú gírámà wa. Dò-rè-mí ni òǹkàwé máa rò. "Agbára ìró" tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ìdá mẹ́wàá agogo" tí wọ́n dábàá fún dẹ́síbẹ̀lì pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ Alexander Graham Bell, ọkùnrin tẹlifóònù, ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe agogo. Dẹ́síbẹ̀lì ti tó.

Èyí tó kù ni ìró tó fẹ́ kọjá ẹnu. "Àkúnwọ́sílẹ̀" ò bá a mu, nǹkan kan ò dà sílẹ̀: wọ́n gé orí ìgbì náà pẹrẹsẹ ni, ó wá ń dún bí ohùn tó há. "Ìgélórí" ni mo ní lọ́wọ́, àmọ́ ó ń run ogun sí mi létí. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?